Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ bodè, ẹ gbọ́ tèmi

Oṣù tó kọjá ni mo bọ́ aṣọ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọdún 35 pé géérégé, òfin ò sì gbà kéèyàn lò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí 60 ọdún láyé, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò lé ọ lọ sílé. Wọ́n se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún wa níbi àríyá ìdágbére náà (ẹ rántí ìrẹsì yẹn o, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀). Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tí kò tíì lò tó ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ti sún mọ́ mi, tó ń yangàn pé, "Ọ̀gá, láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́, mi ò tíì gba lífù rí." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wò ó títí. Èmi gan-an ni mo ń wò, lọ́dún 1994.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò tàbí bí wọ́n ṣe ń kọ iye ẹrù tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹ mọ ìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó padà lọ bá ẹni tó kọ́ ọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún èmi ni mo fẹ́ sọ. Mo ti to ó sínú ìwé, ó jẹ́ mẹ́fà.

Èkíní, ẹ máa gba lífù yín. Jíbíà ni mo wà, ní bodè Katsina sí ilẹ̀ Niger, nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa l'Abẹ́òkúta. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn. Ọdún 2001 ni GSM tó dé. Lẹ́tà ni bàbá ìyàwó mi kọ, ó fi rán awakọ̀ tírélà kan tó ń padà sókè Ọya, ọjọ́ kọkànlá ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ti sọmọ lórúkọ. Abídèmí ni wọ́n pè é. Ọjọ́ tí mo padà délé, ọmọ náà ti ń rá, ó rí mi, ó fi igbe ta. Nígbà tí a bí èkejì, Illela ni mo wà, ní bodè Sokoto. Ìyá ìyàwó mi ní ṣé kí wọ́n kúkú máa pe gbogbo wọn ní Bídèmí ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín.

Ká sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó fi lífù dù mí. Èmi ni mi ò béèrè. Mo ń kó o jọ bí ẹni ń dá àjọ, mo gbàgbé pé àjọ tí wọn kì í kó fún èèyàn ni.

Èkejì, owó. Ẹni tó bá ti rí aṣọ yín gbà pé owó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún 14 ni mo fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta, títí dòní àwọn àna mi kan ṣì gbà pé ilé mìíràn ń bẹ tí mo fi pamọ́ sí Àbújá. Àbúrò bàbá mi kan kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú, torí pé mi ò bá a mú mọ́tò kan kọjá. Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, ẹ ò ní ṣàlàyé tán. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ sọ bí iṣẹ́ yín ṣe rí fún àwọn ará ilé yín, kí iṣẹ́ náà tó fúnra rẹ̀ sọ fún wọn.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ìyá kan náà ló bí wa, ó fi ọdún 11 jù mí. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Abúlé wa kò jìnnà sí ọ̀nà tó ti Òwódé lọ sí Ìdìrókò. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn mọ̀ pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti òyìnbó Faransé ló jókòó pín ilẹ̀ náà, àwa kò pín. Ìgólò, ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, ni àwọn ìyá wa ń ná, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni wọ́n ti ń ra aṣọ ọdún, èdè tí à ń sọ níhìn-ín náà ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún. Ẹ wá sọ fún ìyá àgbà tí wọ́n bí síbẹ̀ pé ẹrù tó gbé bọ̀ láti ọjà tí ìyá tiẹ̀ ń ná ti di fàyàwọ́. Ẹ ó rí ojú tó máa fi wò yín.

Ìrẹsì ni Àǹtí ń tà. Nígbà tí bàbá wa kú, owó ìrẹsì ló fi rán mi lọ sí girama. Ìjọba ológun ti bodè pa lọ́dún 1984, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún fòfin de ìrẹsì òkèèrè pátápátá. Àǹtí kò dúró. Ọ̀nà oko ló ń gbà, ìrẹsì nínú báàsìn, gààrì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí rẹ̀ láti fi bò ó. Ibẹ̀ ni owó ìdánwò WAEC mi ti wá. Àwọn tí mo wá ń pè ní ọ̀gá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ló ń sá fún nínú igbó nígbà yẹn.

Lọ́dún 2017 wọ́n gbé mi padà sí bodè ilé. Ìjọba ti sọ látọdún 2016 pé ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ojú omi. Ọjọ́ Àìkú tí mi ò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ Àǹtí ni mò ń lọ, ìrẹsì ló sì ń sè dè mí. Mo jẹ ẹ́. Mo mọ irú ìrẹsì tó jẹ́, gígùn, funfun, kò lókùúta kan ṣoṣo. Mi ò bi í níbi tó ti rà á, òun náà kò sọ. Ọdún méjì gbáko la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé ìfẹ́ ni.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti bodè. Ẹ̀yin kan nínú yín ò tíì wọṣẹ́ nígbà náà, ẹ ò lè mọ bó ṣe le tó. Kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá àti sójà, gbogbo wa jọ wà lójú ọ̀nà ni. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní ilé epo kankan tó wà ní ìwọ̀n kìlómítà 20 sí bodè kò gbọdọ̀ gba epo. Ìrẹsì gbówó lórí. Àǹtí wò ó pé ọdún Kérésì ń bọ̀, ó yá 180,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, ó fi ra àpò mẹ́sàn-án.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni. A ba sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko kan, Nissan Sunny kan ń bọ̀ láìtan iná, wọ́n ti yọ gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Bí awakọ̀ ṣe rí wa ló ṣílẹ̀kùn, ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. A ń kó ẹrù sílẹ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀kadà kan dé, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìborùn wé orí mọ́ etí nítorí òtútù. Àpò kan ti ya, ìrẹsì ti dà sínú iyanrìn. Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú ìborùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ha ìrẹsì náà sínú rẹ̀. Sójà kan ní, "Màmá, ẹ dìde." Ó gbójú sókè, iná tọ́ọ̀ṣì sì kọjá lójú mi.

A rí ara wa. Mo dúró kó pe orúkọ mi.

Kò pè é. Ó yíjú kúrò lára mi, ó kúnlẹ̀ níwájú sójà tí kò tó àkọ́bí rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ó ń bẹ̀ ẹ́. Èmi, mò ń kọ iye àpò sínú ìwé. Mo kọ 9, mo tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ni mi ò tíì lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Kó yé yín o: mi ò sọ pé ó yẹ kí n jẹ́ kí àpò mẹ́sàn-án yẹn lọ. Òfin ni òfin, n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onífàyàwọ́ láti ọdún 1990, mo lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni àwọn ọjọ́ Àìkú yẹn. Mo jẹun tán, mo nu ẹnu, mi ò sọ pé, "Àǹtí, òwò tí ẹ ń ṣe yìí, èmi ni wọ́n ń sanwó fún láti dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀." Owó ẹ̀rọ gààrì kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ohun tó tún burú jùyẹn lọ ni pé lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lọ sílé rẹ̀. Bárékè ni mo padà sí. Mo wẹ̀, mo sùn.

Lọ́jọ́ kẹta mo fi 100,000 rán àbúrò wa kan sí i. Ó dá a padà bó ṣe wà, ó fi 200 náírà lé e, ó ní owó ọ̀kadà ẹni tó gbé e wá ni. Ẹnu ará ìta ni mo ti wá gbọ́ pé ó ta ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ láti fi san gbèsè ẹgbẹ́. Apá kan nínú ìrẹsì tí wọ́n gbà lákòókò yẹn, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní ìhà Àríwá ni ìjọba kó o fún. Mo máa ń fi ìyẹn tu ara mi nínú. Kì í tù ú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ pé ìbínú ni kò jẹ́ kó pe orúkọ mi. Ìyàwó mi ló là mí lójú. Ó ní, "Bàbá Bídèmí, bí Àǹtí bá pè yín níṣojú àwọn yẹn, kí lẹ máa sọ fún ọ̀gá yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì?" Mi ò lè dáhùn. Obìnrin tí mi ò bá jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún, òun ló mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìlú bodè, mi ò ní kí ẹ tú àṣírí iṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ máa jáde àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà, kò kan ìyá yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá ẹni tó fowó rẹ̀ kọ́ yín níwèé, ẹ sọ ohun tí ẹ ò ní lè ṣe fún un bí ọjọ́ náà bá dé, kí ẹ sì mú owó dání tí ẹ bá ń lọ, torí ẹnu lásán kì í gba òwò lọ́wọ́ èèyàn. Ìwọ ọmọ tí ò ń fi lífù yangàn, lífù yẹn náà ni kí o fi lọ. Ẹ̀kẹrin dé ẹ̀kẹfà ṣì wà nínú ìwé mi, wọn ò tó nǹkan.

Bodè Sẹ̀mẹ̀ ṣí padà ní oṣù kejìlá 2020, ti Ìdìrókò ṣí ní oṣù kẹrin 2022. Àárín èmi àti Àǹtí, ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà nìkan ló kù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ bá a. Ó ti pé 70. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti gba aṣọ náà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní, "Wọ́n ti gbà á, Àǹtí."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó, mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sórí itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó o. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó nawọ́ gba abọ́ iwájú mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní èèpo ni mò ń dà mọ́ ọn.