Ẹ Má Tíì Sítáàtì Ẹ̀: Ohun Tí MGB Abẹ́ Máńgòrò Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tó máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Ọ̀gá, ọjọ́ wo lẹ máa sítáàtì ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló kó bá èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

MGB ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ eré onísíìtì méjì tí wọ́n ṣe ní Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1962 títí di 1980. Iye tí wọ́n ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Bàbá kan tó kàwé lọ́hùn-ún ló gbé tiwọn wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Bàbá jáde láyé, ìyàwó wọn ní kí n wá gbé "páànù yẹn" kúrò lábẹ́ igi máńgòrò àwọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ẹ sì mọ máńgòrò ìlú wa: ọdọọdún ló ń já lù ú, ewé ń jẹrà sínú gbogbo kòtò ara rẹ̀, eku ti bímọ sínú síìtì. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wà. Ẹ má pè é ní àléébù o. Ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń gbà wakọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 la tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti ṣìṣe. Mo gbé bátìrì sí i, mo kan wáyà mọ́ sítátà, ó dún "kọ́", ó dákẹ́. Dípò kí n gbọ́ ohun tó ń sọ, mo ní kí àwọn ọmọ fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn Hilux, kí wọ́n fà á, kí n lè fi jíà kejì já a. Ẹ́ńjìnnì yí lóòótọ́. Ríìngì tó ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé náà sì fọ́ wẹ́wẹ́, ó ya sìlíńdà kẹta bí ẹni fi èékánná ya ògiri alámọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ì bá gba ọ́ìlì àti sùúrù nìkan, òun ló di ẹrù tí mo gbé lọ bóò n'Ìbàdàn, kí wọ́n tún inú sìlíńdà rẹ̀ gbẹ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n po ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí jíà ọ̀tọmátíìkì mọ́ dísù díẹ̀, kí n dà á sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí n máa bu díẹ̀ kún un lójoojúmọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kí n fi í sí jíà kẹrin, torí jíà yẹn ni táyà ti ń rí ẹ́ńjìnnì yí jù, kí ẹni méjì máa rọra tì í síwájú sẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ. Bó bá yí, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ padà síbi ọ́ìlì.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù ni síìlì, irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn, láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn. MGB kò ní ṣáàsí bíi ti píkọ́ọ̀pù. Ara rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀. Nígbà tí kò sì tún ní òrùlé irin, síìlì ni ẹ̀yìn tó fi ń dúró. Lójú lásán, ti ọkọ̀ yìí dára, ọ̀dà ń dán lára rẹ̀. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e, kò lẹ̀: pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Mo fi ẹnu sukurudíráfà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wọlé ṣìn-ìn, ìpẹtà sì ń dà jáde bí èlùbọ́ tí ọ̀rá rẹ̀ lu.

Mo pe wẹ́dà. Ó mọṣẹ́, ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí ló mọ̀ ṣá. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ sí Tákíè lọ ra nǹkan. Kí n tó dé, ó ti gé síìlì méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí n ti ilẹ̀kùn, kò tì. Àlàfo òkè ilẹ̀kùn ti pa dé, ti ìsàlẹ̀ gba ìka méjì. Ọkọ̀ ti tẹ̀ láàárín bí bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì tó ti gbó. N kò bínú sí i, èmi ni mi ò wí fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń fi jáàkì gbé àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí a ń wọn àlàfo ilẹ̀kùn láàárọ̀ lálẹ́.

Nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wẹ́dà, a ó ti jó páìpù onígun mẹ́rin dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn, láti ọ̀pó iwájú dé ọ̀pó ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan la ń gé. Ó di ìgbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn bá tì dáadáa kí a tó fọwọ́ kan èkejì.

Bíréèkì: ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti páìpù rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Sípánà ń kọ́? Ínṣì ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yìí. Nọ́ńbà 13 ti mìlímítà yóò wọ nọ́ọ̀tì ìdajì ínṣì, ẹ ó sì rò pé ó bá a mu, títí ẹ ó fi fagbára yí i tí igun rẹ̀ yóò fi dán bí ẹyin. Ẹ lọ wá ti ínṣì rà.

Wáyà rẹ̀ kò ṣòro tó bí àwọn ríwáyà ṣe ń pariwo. Àwọ̀ ara wáyà ní ìtumọ̀: aláwọ̀ ilẹ̀ ń gba iná láti bátìrì nígbà gbogbo, funfun ń gba iná bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú lọ sí ara ọkọ̀. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ẹyọ kan. Bátìrì méjì onífóòtì mẹ́fà ló wà lẹ́yìn síìtì rẹ̀, ẹnu pọ́sítíìfù ló sì kan ara ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó di apá ìparí 1967. Ríwáyà mi kò mọ̀. Ó fi nẹ́gátíìfù kan ara ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, èéfín sì jáde nínú rédíò Bàbá. Rédíò yẹn ṣì ń dùn mí ju sìlíńdà lọ.

Mama wá wò ó lóṣù tó kọjá. Wọn ò tilẹ̀ bojú wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yí gba ọwọ́ òsì, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n fi ìka méjì fa ilẹ̀kùn. Ó dún "gbì", ó tì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi:

"Ọjọ́ wo lo máa sítáàtì ẹ̀?"