Àyẹ̀wò ọdún: kí ni ìkànnì ayélujára ṣe fún ọ́fíìsì lọ́yà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Ìwé tó wà lórí tábìlì ẹni tó ń gba àlejò ni ká kọ́kọ́ ṣí. Bí a bá ti ń bi gbogbo oníbàárà tuntun pé, "Ta ló júwe wa fún yín?", tí a sì ń kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, àyẹ̀wò ọdún kò ní gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ẹni tó mọ̀ wá tẹ́lẹ̀, WhatsApp, Google àti Facebook. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye èèyàn tó béèrè ọ̀rọ̀, iye tó wá jókòó, iye tí a ṣí fáìlì fún, àti owó tí a ná. Iye àwọn tó tẹ "like" kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì o. Ẹni tó ní "WhatsApp ni mo ti rí yín", ẹ bi í pé ta ló fi ránṣẹ́. Lágbègbè wa, ó sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ regbéregbé (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà), ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tàbí mọ̀lẹ́bí kan ní Èkó tàbí London. Ìdí nìyí tí àwòrán tí a bá gbé jáde fi gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Bí wọ́n bá ń fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ lè já sọ́nà. Ẹ kọ ìbéèrè, ìdáhùn, orúkọ ọ́fíìsì, àdúgbò àti déètì sórí àwòrán náà fúnra rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má ju ogójì ọ̀rọ̀ lọ, kí àgbàlagbà lè kà á lórí fóònù kékeré. Fídíò: ìbéèrè kan, ìṣẹ́jú kan, Yorùbá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúlò ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Bí àpẹẹrẹ: bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ìfọwọ́sí àwọn aṣáájú ẹ̀ka ẹbí, àwọn yẹn lè ní kí kóòtù fagi lé títà náà, ṣùgbọ́n bí àwọn aṣáájú ẹ̀ka bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kó owó ilẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun nílò ìyàtọ̀ yìí ju àwòrán lọ́yà nínú wíìgì lọ.

Ìlànà ìwà àwọn lọ́yà ti 2007, ní abala 39, gbà kí lọ́yà polówó níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ṣùgbọ́n ó ka fífi ara ẹni wé lọ́yà mìíràn, yíyin iṣẹ́ ara ẹni àti kíka iye ẹjọ́ tí a jàre léèwọ̀. Ìlànà tuntun ti 2023 ló rọ́pò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan. Kí ọdún tó yí, ẹ padà ka gbogbo ohun tí ẹ ti gbé jáde. "Lọ́yà tó dára jù ní Ìjẹ̀bú-Òde": ẹ yọ ọ́. Fọ́tò oníbàárà tó ń jó níwájú kóòtù Ṣàgámù: ẹ yọ ọ́. Àlàyé lórí ẹjọ́ tó ṣì wà níwájú adájọ́, ẹ tètè yọ ìyẹn. Pípín ìwé ìpolówó kiri láàárín èrò Ojúde Ọba, wíwá oníbàárà lọ́nà èèwọ̀ ni.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àlejò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìlú wa kò tóbi. Ẹ̀ka méjì ẹbí kan tó ń jà lórí ilẹ̀ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹni tó di fóònù mú bá ti gbọ́ fọ́nrán ohùn mẹ́wàá láti ẹ̀ka kan, tó ti mọ àṣírí wọn, ọ́fíìsì náà lè má lè ṣojú fún ẹ̀ka kankan mọ́. Nítorí náà, kí ìkíni aládàáṣiṣẹ́ WhatsApp Business béèrè nǹkan mẹ́rin péré: orúkọ yín, orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní òdìkejì, irú ọ̀rọ̀ àti ìlú. Kí ó sì sọ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ìwé tàbí ohùn ránṣẹ́." Lẹ́yìn náà ni kí lọ́yà, kì í ṣe ọmọ tó ń ya fídíò, wá orúkọ méjèèjì nínú àkọsílẹ̀ fáìlì. Ẹ wá orúkọ ẹbí àti orúkọ agbo ilé pẹ̀lú, torí orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀ kì í sábà jẹ́ èyí tó wà lórí WhatsApp. Fóònù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì. Bí ó bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́, ọjọ́ tó bá lọ ló kó ọ̀rọ̀ oníbàárà lọ.

Lórí WhatsApp yìí kan náà, àtòkọ ìfiránṣẹ́ (broadcast list) kan kò gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹni tó bá sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì rò pé iṣẹ́ àwọn dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Kí oníbàárà tó dìde, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà náà pamọ́ lójú yín.

Google kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kí ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ gan-an ni máàpù ń tọ́ka sí. Kí orúkọ bá ti pátákó mu, kí ẹ sì tún wákàtí iṣẹ́ ṣe fún Kérésì. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ̀rọ̀ burúkú síbẹ̀, ẹ ní kó pe ọ́fíìsì. Ẹ má sọ pé oníbàárà yín ni, ẹ má sì fẹnu kan ẹjọ́ rẹ̀.

Fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi àmì sí Iléyá, torí ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Ojúde Ọba, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń ti òkè òkun wálé pẹ̀lú ìbéèrè ilẹ̀. Kí àlàyé ilẹ̀ ti jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ìgbà tí kóòtù gíga bá wà ní ìsinmi ni kí ẹ ya fídíò oṣù mẹ́ta pọ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tí yóò máa dáhùn lórí Instagram, ẹ tì í, kí ẹ fi wákàtí rẹ̀ kún ti WhatsApp.