Ibi Tí Ẹ Bá De Ṣọ́ọ̀kì Mọ́: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Gba Fíríìdọ̀mù

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò. Ohun tó ń dùn mí ni bí ẹ ṣe ń ní kí jórinjórin gé ìdè rẹ̀, kó lọ jó o mọ́ ibikíbi tó bá ti ráyè, torí pé oníbàárà fẹ́ gbé Hilux rẹ̀ sókè.

Èkíní, bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe ń dùbúlẹ̀ sí ni agbára rẹ̀ ń dín kù sí. Tó bá fi dìgírì 30 yẹ̀ kúrò lóòró, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló kù. Tó bá di 45, ìdajì ni. Èkejì, bó bá ṣe jìnnà sí táyà tó ni kò ní lè ká ọkọ̀ tó ń fì lápá kò.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá, Hilux kan tó ń kó kòkó láti oko Ìdànrè wọ ọgbà wa. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ṣọ́ọ̀kì kan wà níwájú axle, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí axle má baà máa lọ́, kó má sì máa fò. Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú mi ní ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ó ní kí wọ́n da méjèèjì sẹ́yìn axle, kí wọ́n fà wọ́n wọ àárín. Mo sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ibi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lófìfo lójú ọ̀nà oníyangí ni ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fò, ó gbá wọ kòtò. Apá dírẹ́bà kán. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ni, kò jo ọ́ìlì, rọ́bà rẹ̀ ò já. Síbẹ̀ ọ̀gá ní èmi ni mi ò fún nọ́ọ̀tì le. Ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́. Mo fi sípánà sí nọ́ọ̀tì náà, kò mì. Ẹnì kan ò bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Nítorí náà, kí jórinjórin tó tanná, ẹ gbé axle sókè títí yóò fi kan rọ́bà ìdádúró, èyí tí kì í jẹ́ kó gbá ara ọkọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ṣọ́ọ̀kì ṣì ní àyè láti wọlé. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, kí ẹ wò ó bóyá kò nà tán. Oníbàárà tó fẹ́ kí ọkọ̀ ga, ṣọ́ọ̀kì tó gùn ni kó rà. Ẹni tó bá sì ní dandan kí ẹ gé e, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i.