Níbo ni nọ́ńbà yẹn ti wá? Ohun tí másítàsì corporate finance fojú mi rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò àtikọ eléyìí. Lóṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí pé àwọn fẹ́ lọ ṣe másítàsì nínú corporate finance (ẹ̀kọ́ nípa bí kọ́ńpìnì ṣe ń wá owó àti bó ṣe ń ná an), ṣé ó le, kí ni káwọn kọ́kọ́ kà, ṣé ìṣirò ẹ̀ ò ní pààyàn. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n yéé sọ ọ̀rọ̀ kan náà bíi téèpù. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi jìn sí tèmi tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ wá gba ọgbọ́n ọ̀fẹ́.

Ìṣirò tó ń já gbogbo yín láyà yẹn, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ ni, pínpín ni, algebra díẹ̀, statistics tó pọ̀ ju bí mo ṣe lérò lọ, pàápàá regression (ìṣirò tó ń fi hàn bí nǹkan kan ṣe ń bá òmíràn rìn), ó parí. Ohun tó máa mú yín làágùn ni pé kò sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa gbé kalẹ̀ tí ẹnì kan ò ní na ìka sí pé níbo lẹ ti rí eléyìí. Ẹ ṣáà rí i, "applied" ni wọ́n pè é, kì í ṣe kéèyàn mọ fọ́múlà sórí, fọ́múlà wà nínú ìwé, ó wà nínú fóònù yín, kí ló yẹ kó wọnú fọ́múlà yẹn gan-an niṣẹ́, èmi ò sì mọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, wọ́n pín wa ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ní ká lọ mú kọ́ńpìnì kan tí ṣíà ẹ̀ wà lọ́jà, ká wá sọ iye tá a rò pé ó tó. Èmi ni mo ṣe Excel ẹ̀, mo sì ń fi í yangàn o. A to owó tó máa wọlé fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀, a ò sùn fún òru mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún karùn-ún, èèyàn ò lè máa to ọdún lọ títí láé, nọ́ńbà kan ṣoṣo lèèyàn máa fi dúró fún gbogbo ọdún tó kù, òun ni wọ́n ń pè ní terminal value. Nọ́ńbà yẹn á bi yín pé mélòó ni owó yìí á máa fi lé sí i lọ́dọọdún títí ayé. Àwa fi 6% sí i. Kí nìdí? Torí pé kọ́ńpìnì náà ti ń dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a tiẹ̀ rò pé ńṣe la rọra ṣe é.

Olùkọ́ wa, màmá kan tí kì í gbóhùn sókè, dákẹ́ títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní, "Ọrọ̀ ajé ibi tí wọ́n ti ń tajà yìí, mélòó ló ń fi dàgbà lọ́dún?" Mo ní, "Bíi 3%, mà." Wọ́n ní, "Tiyín wá ń dàgbà ní 6% títí ayé. Ọdún wo ló máa tóbi ju gbogbo ọrọ̀ ajé yẹn lọ?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu.

Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ká ní owó tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ kọ́ńpìnì lọ́dún tó kẹ́yìn yẹn jẹ́ 100, discount rate (iye tá a fi ń gé owó ọjọ́ iwájú kù lọ́dọọdún kó tó di iye tòní) jẹ́ 10%. Ẹ fi 2% sí ìdàgbàsókè títí ayé, 1,275 lẹ máa rí. Ẹ fi 4% sí i, ó di 1,733. Ẹ fi 6% sí i, ó di 2,650. Kọ́ńpìnì kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, ọjà kan náà, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé àpótí kan péré lẹ fọwọ́ kàn nínú Excel! Nígbà tá a padà lọ yẹ tiwa wò, nínú gbogbo 100 tá a ní kọ́ńpìnì yẹn tó, 81 ló wá látinú nọ́ńbà kan yẹn. Ọdún márùn-ún tá ò tìtorí ẹ̀ sùn, 19 péré ni tiẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe nǹkan kan tí mo máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ nínú Excel fún gbogbo nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yín tẹ̀, ẹ fi búlúù kọ wọ́n, èyí tó bá jẹ́ fọ́múlà ẹ fi dúdú kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ṣe ń ṣe é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó ti wá: annual report ọdún wo, ojú ìwé kelòó, ọjọ́ wo lẹ wò ó. Èyí tí kò bá níbi tó ti wá, ẹ kọ "mo rò ó ni" sí i. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ro nǹkan, fífi í pa mọ́ ló burú.

Mi ò ka àkáǹtì ní dígírì àkọ́kọ́, ó sì jẹ mí níyà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà rí, ẹ lo oṣù méjì kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ fi mọ bí ìwé mẹ́ta yẹn ṣe ń bára wọn ṣe: èyí tó ń sọ èrè, èyí tó ń sọ ohun ìní àti gbèsè, èyí tó ń sọ bí owó ṣe wọlé bó ṣe jáde. Ẹ̀kẹta yẹn gan-an. Kọ́ńpìnì lè jẹ èrè gọbọi lórí ìwé kó má rí owó oṣù san, torí ó ta ọjà láwìn, ìwé ti kọ ọ́ sí èrè, owó ò tíì wọlé. Depreciation (bí ẹ̀rọ àti ilé ṣe ń gbó, tí ìwé ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ sí ìnáwó) wá jẹ́ òdìkejì ẹ̀, ó ń dín èrè kù láìṣe pé owó kankan jáde lọ́dún yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ dá a padà tó bá ń wá owó gidi. Èmi tètè mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń dá depreciation padà tí mo ń gbàgbé àtiyọ owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tuntun. Gbogbo kọ́ńpìnì tí mo bá wò ló dà bíi kó máa pọ owó.

Excel fúnra ẹ̀ náà ní ìwà tiẹ̀. Prójẹ́ẹ̀tì kan fẹ́ gba 1,000 lónìí, á mú 500, 400 àti 300 wá lọ́dún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, discount rate jẹ́ 10%. NPV ẹ̀, ìyẹn iye tòní gbogbo owó tó máa wọlé lẹ́yìn tá a bá yọ owó tá a ná, jẹ́ 10.52. Tẹ́ ẹ bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú fọ́múlà NPV ti Excel, 9.56 ló máa gbé jáde, torí Excel gbà pé ìparí ọdún àkọ́kọ́ ni owó tẹ́ ẹ kọ ṣíwájú máa ṣẹlẹ̀, ó wá fi ọdún kan gé 1,000 tẹ́ ẹ ń san lónìí. Ẹ fi owó òní sílẹ̀ níta, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn. Máàkì mẹ́jọ lèyí gbà lọ́wọ́ mi nínú test, mi ò sì rí ẹni bá jà.

Ẹ jẹ́ ká dé orí gbèsè, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. WACC ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn yín, ìyẹn iye tí gbogbo owó tí kọ́ńpìnì ń lò ń ná an lápapọ̀. Ká ní owó àwọn oníṣíà jẹ́ 60 nínú 100, wọ́n ń retí 14%, gbèsè jẹ́ 40, èlé ẹ̀ 8%, owó orí 25% (iye ọjà ni 60 àti 40 yẹn o, kì í ṣe iye inú ìwé, ẹ má ṣe irú tèmi). Torí pé èlé ń dín owó orí kù, 6% péré ni gbèsè yẹn ń ná wọn. Ẹ kó o pọ̀, 10.8% ni. Kíá lójú mi là: gbèsè 6%, ṣíà 14%, ṣebí kí wọ́n kúkú yá gbogbo ẹ̀! Mo kọ bẹ́ẹ̀ sínú assignment, màmá yẹn fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: "Oníṣíà ń wò yín o."

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹni tó yáni lówó ló máa kọ́kọ́ gba tiẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ti oníṣíà, bí gbèsè bá ṣe ń ga ni ewu tiẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò ní gba 14% mọ́. Òun ni Modigliani àti Miller, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, sọ ní 1958: tí kò bá sí owó orí, tí kọ́ńpìnì tó wó ò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tí gbogbo èèyàn sì mọ ohun kan náà nípa ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe pín owó sí gbèsè àti ṣíà ò yí iye tí kọ́ńpìnì tó padà. Odindi sẹ̀mẹ́sítà kan ni mo fi ń pe ìyẹn ní ìsọkúsọ, ta ló ń gbé inú irú ayé bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí mo ń múra ìdánwò ló tó yé mi, pé gbogbo ohun tí wọ́n yọ kúrò yẹn, ilẹ̀kùn tí gbèsè lè gbà yí iye kọ́ńpìnì padà ni. Àwọn méjèèjì fúnra wọn dá owó orí padà ní 1963. Jensen àti Meckling gba ti ìwà àwọn ọ̀gá tó ń fi owó olówó ṣeré wọlé ní 1976, Myers àti Majluf gba ti ẹni inú ilé tó mọ ohun tí ará ìta ò mọ̀ ní 1984. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gbèsè máa jẹ́ kí kọ́ńpìnì kan níye lórí sí i, ẹ bi í pé ilẹ̀kùn wo ló gbà wọlé. Látìgbà tí mo ti mú un báyìí ni mo ti lè máa ka àwọn paper yẹn láìsùn lọ.

Ti iṣẹ́ gírúùpù, kò gba ẹjọ́ rò, ẹ wá ẹni tó máa ń gbé fóònù.

Ìwé àṣejáde ló kù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kọ́ńpìnì tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ń yáwó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo kó data láti 2015 dé 2021. Mo ya gráàfù, mo pariwo! Gbèsè wọn ń lọ jẹ́jẹ́, tó wá di 2019 ó fò sókè bí ẹni tí iná jó. Mo ti kọ ojú ewé mọ́kànlá lórí ohun tó fà á, èlé tó kéré, ìdíje àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rí kún ibẹ̀ bámú. Súpáfáísọ̀ mi wo gráàfù yẹn, wọn ò ka ọ̀kankan nínú mọ́kànlá. Wọ́n ní, "Ṣí annual report ẹyọ kan nínú wọn, lọ síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n háyà."

IFRS 16 ni. Òfin ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù January 2019. Kó tó dé, ọ̀pọ̀ owó ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí kọ́ńpìnì ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á máa san lọ́dọọdún ò sí lára gbèsè tó hàn nínú balance sheet, láti ọdún yẹn ló di dandan kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ibi tí mo ti wa data jáde sì ti rò ó mọ́ gbèsè láìsọ fún mi. Ẹnì kankan ò yá kọ́bọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún gráàfù yà, òkè yẹn pòórá, ó tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti kọ́ wa pé owó tó ti lọ ti lọ, kéèyàn má fi í ṣèpinnu, mo ti gba A nínú ìyẹn, síbẹ̀ ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa gba ojú ewé mọ́kànlá yẹn là. Ọjọ́ kẹta ni mo pa wọ́n rẹ́, mo yí àkòrí padà sí èló nínú òkè 2019 yẹn ló jẹ́ owó ilé, kọ́ńpìnì kọ̀ọ̀kan, mo ń ka ìwé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo fi jáde.