Ẹ Fi Ojú Ara Yín Wo Lẹ́tà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Jínóòmù Ẹja

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ kan jínóòmù ẹja, ìyẹn gbogbo DNA inú rẹ̀, iṣẹ́ tó fà mí wọ ọ̀nà yìí ni èyí tí Harold Zakon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006. Nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni jínóòmù baba ńlá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja òde òní di ìlọ́po méjì, jíìnì kan tó wà fún ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú iṣan sì tipa bẹ́ẹ̀ di méjì, scn4aa àti scn4ab. Nínú ẹja oníná ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ìdílé wọn jìnnà síra, scn4aa fi iṣan sílẹ̀, ó kó lọ sínú ẹ̀yà ara tó ń tu iná jáde, àyípadà sì wá pọ̀ nínú rẹ̀ níbi tó ṣe pàtàkì. (Ẹ má rò pé òjìjí ni mò ń sọ o, ìdílé tirẹ̀ yàtọ̀.)

Èmi náà fẹ́ rí irú rẹ̀. Mo da ẹgbẹẹgbẹ̀rún jíìnì sínú codeml, ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń fi àyípadà tó kan pùrótéènì wé èyí tí kò kàn án. Iye tó gbé wá fún jíìnì kan jẹ́ 41, bẹ́ẹ̀ iye tó bá ti ju 3.84 lọ la máa ń kà sí èyí tí kì í ṣe èèṣì, kí a tó ro iye ìdánwò tí a ṣe mọ́ ọn. Mo ti ń wá àkọlé fún àpilẹ̀kọ mi nígbà tí ọ̀gá mi béèrè pé, “Ṣé o ti fi ojú ara rẹ wo lẹ́tà DNA jíìnì náà?” N kò tíì wò ó. Nígbà tí mo tò ó sábẹ́ ti àwọn ẹja yòókù, mo rí i pé níbi tí lẹ́tà A mẹ́fà ti tẹ̀ lé ara wọn, márùn-ún ni ẹ̀rọ tó ka DNA náà kà. Mẹ́ta mẹ́ta la máa ń ka lẹ́tà jíìnì, mẹ́ta kan fún amáínò ásíìdì kan tí a fi ń kọ́ pùrótéènì, nítorí náà gbogbo amáínò ásíìdì 17 tó tẹ̀ lé ibẹ̀ ṣì, codeml sì kà wọ́n sí àyípadà gidi. Mo dá A kan yẹn padà, mo tún un ṣe, iye náà já sí 0.7.

Ti ìdílé jíìnì tí mo ní ó ti gbòòrò kò yàtọ̀. Mo ka ẹ̀dà 14, inú mi dùn, àmọ́ 12 nínú wọn ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ ka DNA wọn jẹ́ ìdajì ti ibi yòókù: ti ìyá àti ti bàbá ni mo kà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo pa wọ́n pọ̀, ó ku mẹ́jọ, iye kan náà tí àwọn ìbátan rẹ̀ ní.