Ẹ má fi àwo kíkún pàdé ajá tí ebi ti pa
Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gba ajá tí wọ́n pa tì sílé ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ tí ó sì dùn mí jù nínú gbogbo èyí tí mo kọ́ ni ti ajá àkọ́kọ́. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òkèèrè, àánú rẹ̀ sì ṣe mí débi pé mo gbé odindi àwo ìrẹsì síwájú rẹ̀. Ó lá a mọ́ nílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò lè dìde mọ́, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kẹta, ó ti kú. Dókítà ẹranko ló là mí lóye pé bí ebi bá ti pa ẹran fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn èròjà bíi phosphate àti potassium á ti dínkù nínú ara rẹ̀, bí oúnjẹ púpọ̀, pàápàá oúnjẹ oníṣítáàṣì, bá sì já lù ú lójijì, ara yóò fa ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì, ọkàn ẹran náà sì lè tipa bẹ́ẹ̀ dákẹ́.

Nítorí náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oúnjẹ kékeré tí ẹyin tàbí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìrẹsì lọ ni kí ó máa jẹ, nígbà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára digbólugi kò ṣeé fi falẹ̀. Bí ó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa kúrúnà ara ajá, nítorí yóò lá a, májèlé sì ni.

Ajá tí ó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, Tanímọ̀la, ṣéènì ti wọ inú ẹran ọrùn rẹ̀ kí n tó rí i. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn náírà 50 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá hùwà ìkà sí ẹranko, ṣùgbọ́n èmi kò tíì fi òfin gba ajá kankan rí. Mo lọ kí bàbá tí ó ni ín, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú rẹ̀." Wọ́n ní, "Máa mú un lọ, ọmọ mi. Owó oúnjẹ rẹ̀ ni kò sí mọ́."

Ọgbẹ́ ọrùn náà san kí ẹ̀rù tó kúrò lára rẹ̀. Bí mo bá gbé ìgbálẹ̀ báyìí, abẹ́ àga ni yóò sá sí, kò sì sí ìpè tí yóò mú un jáde. Mo jáwọ́ nínú pípè é. Ní alaalẹ́, mo máa ń jókòó sílẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tí ẹja díẹ̀ wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, n kò sì wo ojú rẹ̀, nítorí ajá tí wọ́n ti lù rí ka wíwò tààrà sí ìjà. Ó tó oṣù kan gbáko. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, imú tútù kan kan ìgbọ̀nwọ́ mi nínú òkùnkùn, ó sì dúró síbẹ̀. N kò yíjú padà.