Ọjọ́rú: àmì pọ́n-ùn láàárín iṣẹ́ mi

Ọjọ́ kẹta ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rèé. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí mò ń tẹ̀. Lónìí, iwájú ni mo wà. Kì í ṣe pé mo ti mọ̀ ọ́n tán o. Awò mi ló fọ́, mi ò sì rí ohun tí wọ́n ń tàn sára ògiri bí mo bá jókòó sẹ́yìn.

Àwa 14 la wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni gbogbo wa: àwọn tó ń yá ènìyàn níwèé, àwọn ti ìwé ìròyìn, èmi àti ẹnì kan láti ẹ̀ka kátálọ́ọ̀gì, níbi tí a ti ń kọ ìwé sílẹ̀ kí èèyàn lè rí i. Ọ̀gá wa sọ fún wa pé irú ètò yìí kì í ṣe tuntun, pé láti 2006 ni Helene Blowers ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ìkàwé ìlú Charlotte ní Amẹ́ríkà: nǹkan 23 tí òṣìṣẹ́ máa fúnra rẹ̀ kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó bá parí rẹ̀ sì máa gba ẹ̀rọ MP3 kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ orin. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi wọ́n pé kí wá ni tiwa. Wọ́n ní ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù, àti ìwé ẹ̀rí. Ó dáa náà.

Ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. "Mọ́mì" ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní "tíṣà wa". Bí mo bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á tẹ̀ríba, á rẹ́rìn-ín. Ó ní kí kálukú kọ ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù kan fúnra rẹ̀, HTML gan-an, èdè àmì tí wọ́n fi ń kọ ojú-ewé, inú Notepad lásán, kò sí ẹ̀rọ tó máa bá wa tún un ṣe. Ó ní, àmì HTML tí ẹ bá ṣí, ẹ pa á dé. Ìyẹn ò ṣòro fún mi. Ẹni tó ti fi ọdún 26 ṣe kátálọ́ọ̀gì mọ̀ pé kọ́mà kan tó bá ṣi àyè lè gbé ìwé lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́. Mo tẹ àkọlé, mo tẹ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀, pé iṣẹ́ mi ni láti to ìwé. Mo fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, mo fi ti òkè sílẹ̀ torí mò ń kánjú. Mo ṣí i nínú bráúsà, ohun tí a fi ń wo ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù:

iá¹£áº¹ mi ni lati to iwe

Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tí iná gbé. Obìnrin tó wà níbi ìwé yíyá na ọrùn wò ó. "Ẹ wo àmì pọ́n-ùn láàárín iṣẹ́ yín! Ẹ̀gbọ́n, owó òkè òkun ni wọ́n fẹ́ máa san fún yín." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí.

Tíṣà wa ní mi ò ba nǹkan kan jẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú Unicode, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. 1EB9 ni ti lẹ́tà ẹ. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, ló ń sọ bí a ó ṣe kó nọ́ńbà yẹn pamọ́, báìtì mẹ́ta, ìyẹn àyè kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí, ni lẹ́tà ẹ sì ń gbà níbẹ̀. Bráúsà mi ò mọ̀ pé UTF-8 ni mo fi kọ ọ́, ló bá ka báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí lẹ́tà mẹ́ta. Bí lẹ́tà ẹ ṣe di á, º àti ¹ nìyẹn, tí ṣ sì lọ mú pọ́n-ùn bọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo gbàgbé lókè ojú-ewé, èyí tó ní charset="utf-8" nínú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un ṣí, iṣẹ́ mi padà sípò.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Mo bá bèèrè pé ta ló fún lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà. Ó ṣí àtẹ lẹ́tà náà fún mi: àárín àwọn lẹ́tà Vietnam ni ẹ àti ọ jókòó sí! Àwọn náà ní kókó lábẹ́ lẹ́tà, àmọ́ àmì ohùn ló jẹ́ ní tiwọn. Nítorí náà, ẹ wà lódindi, ọ wà lódindi, ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àfi kéèyàn fi àmì òkè lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. O lè mú ẹ kí o fi àmì òkè lé e, o sì lè mú é tó ti ní àmì òkè tẹ́lẹ̀ kí o fi kókó sí i nídìí. Ojú ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà dá wọn mọ̀. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ ìlà kékeré ni wọ́n ń fà sábẹ́ rẹ̀, e̩, bíi tinú ìwé àtijọ́. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Inú mi dàrú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi, ó ń wá ìwé Yorùbá lórí ẹ̀kọ́ ilé. Mo tẹ "ẹ̀kọ́" sínú Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wá ìwé, kò mú nǹkan kan wá, mo sì sọ fún un pé kò sí. Bí wọ́n ṣe pè wá fún ráìsì báyìí, òkè ni mo gbà lọ.

Mi ò ní bú Koha. Ọ̀fẹ́ ni, New Zealand ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 2000, "ẹ̀bùn" sì ni orúkọ rẹ̀ lédè Māori. Wọ́n lè tò ó kó máa ka gbogbo ẹ wọ̀nyí sí ọ̀kan. Tiwa ni kò sẹ́ni tó tò ó. Mo tẹ "eko" láìfi àmì kankan sí i. Ìtàn Èkó dé. Ìwádìí lórí bí ògì ṣe ń kan kó tó di ẹ̀kọ dé, láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ oúnjẹ. Ẹ̀yìn wọn ni ìwé mélòó kan lórí ẹ̀kọ́ tó yọjú. Mo wá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìlà dípò kókó, tòun ti àmì òkè: méjì míràn jáde, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tí ọmọ yẹn ń wá. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni. Mo mọ pẹpẹ tó wà.

Àpótí káàdì àtijọ́ ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bébà ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ báyìí, àmọ́ káàdì ṣì kún inú dúrọ́ọ̀ mélòó kan. Mo wá ọ̀kan lára àwọn ìwé tí mo rí lábẹ́ "eko", mo yọ káàdì rẹ̀. Táípúráítà wa ò ní kókó abẹ́ lẹ́tà láyé ìgbà yẹn. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, bíró búlúù ni wọ́n fi ń tọ́ ọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ káàdì tán. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ roboto, àwọn kókó yẹn. Ọ̀kan tilẹ̀ ti tàn ká díẹ̀, bíi pé omi kán sí i. Mo máa ń rò nígbà náà pé wọ́n ń fàkókò ṣòfò. Nígbà tí a wá ń kó káàdì sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá mi yẹn ti fẹ̀yìn tì. Àwọn aláṣẹ ní kí kálukú wa máa ṣe káàdì 100 lóòjọ́, a sì ń ṣe é. "Eko" ni mo tẹ̀. Orúkọ mi ló wà nídìí rékọ́ọ̀dù náà, mi ò lè purọ́ mọ́ ẹlòmíràn.

Mo mú káàdì náà sọ̀kalẹ̀. Tíṣà wa yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní òun lè kọ ètò kan tó máa sọ gbogbo ìlà di kókó lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Àwọn tí ò ní àmì rárá ńkọ́?"

Ó họrí. "Ìyẹn, Mọ́mì, àfi kéèyàn mú ìwé lọ́wọ́ kó wò ó."

Kí n sòótọ́, inú mi dùn sí èsì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn aago méjì, a ṣe RSS, tó ń kó ohun tuntun láti orí wẹ́ẹ̀bù wá bá èèyàn, àti nǹkan kan lórí àwòrán, mi ò rántí púpọ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wà nínú ìwé ìbéèrè. Mo pè é, kò gbé e. Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀, mo padà sókè. Tíṣà ti bá mi fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà. Mo gbé ìwé kan wá látorí pẹpẹ, mo ṣí i, mo tún àkọlé rẹ̀ tẹ̀, mo gbé òmíràn. Mẹ́sàn-án ni mo ṣe. Ìkẹwàá ni iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì tíì tẹ Save.